Ìgbà Wo Ni Amọ̀ Kì í Ṣe Amọ̀ Mọ́?

Ẹ bu amọ̀ díẹ̀ létí odò, irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò ń lò. Ẹ fi omi pò ó títí yóò fi rọ̀, kí ẹ pín in sí ìṣù méjì. Ẹ sá ọ̀kan sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gbé èkejì fún ìyá tó ń mọ ìkòkò, kí wọ́n bá yín sun ún pọ̀ mọ́ tiwọn. Nígbà tí méjèèjì bá padà dọ́wọ́ yín, wọ́n á ti le. Bí ẹ bá fi wọ́n lu ara wọn, wọ́n á dún. Ẹ wá sọ wọ́n sínú korobá omi, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tí oòrùn gbẹ á ti tú, ẹrẹ̀ lẹ máa bá nísàlẹ̀ korobá. Èyí tó wọ iná á wà bó ṣe wà. Ẹ fi í síbẹ̀ di àmọ́dún, kò ní di ẹrẹ̀.

Aládùúgbò mi, ẹ bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá nǹkan kàn pa ìrísí dà ni, tàbí ó ti di nǹkan mìíràn. Inú ìṣù méjì yìí ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Oòrùn kàn lé omi tí ẹ fi pò amọ̀ náà jáde ni. Hóró amọ̀ kọ̀ọ̀kan wà bó ṣe wà, wọ́n kàn súnmọ́ ara wọn sí i. Bí omi bá tún wọlé, wọ́n á tún máa yọ̀ lórí ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí iná ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀dá amọ̀ fúnra rẹ̀, hydrogen àti oxygen kan wà tó so mọ́ aluminium àti silicon. Kì í ṣe omi tí ènìyàn bù sí i, oòrùn kò sì lágbára tó láti já wọn. Bí ooru iná bá ti kọjá nǹkan bí 500°C, wọ́n á já, wọ́n á para pọ̀ di omi, omi náà á sì bá èéfín lọ. Ohun tó kù nílẹ̀ á so mọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀nà tuntun. Ẹ lè lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, kí ẹ da omi sí i, kò ní ṣeé mọ mọ́.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá, wọ́n tò ó níṣọ̀ọ́kan, etí rẹ̀ sókè, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ọkọ̀ àwọn Potogí tó dé etíkun wa. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń hú àpáàdì wọ̀nyẹn jáde bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Ògiri ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ńkọ́? Òjò ti sọ ọ́ di ilẹ̀ padà, débi pé ojú ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan ló lè dá ibi tí ògiri náà gbà mọ̀. Amọ̀ ìlú kan náà ni méjèèjì. Ọ̀kan wọ iná, èkejì kò wọ̀ ọ́. Lójú tèmi, kò sí àpẹẹrẹ tó dára tó èyí nínú gbogbo ìwé sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa.

Àwọn olùkọ́ ń pe ohun tí oòrùn ṣe ní àyípadà ti ara, wọ́n ń pe ohun tí iná ṣe ní àyípadà ti kẹ́míkà. Gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn ni átọ́ọ̀mù para pọ̀ dá, átọ́ọ̀mù a sì máa so mọ́ ara wọn di mólékù. Ẹ fi wọ́n wé ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sójú okùn. Bí mo bá ká okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan jọ, bí mo bá nà án tàn-ìn, bí mo bá kó ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ sínú igbá kan, okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni. Àyípadà ti ara nìyẹn. Bí mo bá já okùn náà, tí mo tún un sín, tí iyùn wá bọ́ sí ibi tí sẹ̀gi wà tẹ́lẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ mìíràn ló wà lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ kankan kò sọnù. Àyípadà ti kẹ́míkà nìyẹn. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi, lórí ohunkóhun tó bá yí padà níwájú wa, ni pé: ṣé okùn já?

Pé ìlẹ̀kẹ̀ kankan kì í sọnù, Antoine Lavoisier, ará Faransé, ló fi òṣùwọ̀n fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní 1774 ó fi tin sínú ìgò, ó dí ìgò náà pa, ó sì dá iná sí i nídìí títí ojú tin náà fi di ìyẹ̀fun. Ó gbé ìgò lé òṣùwọ̀n: kò wúwo sí i, kò sì fúyẹ́ sí i. Ìgbà tó ṣí i, tí afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé, ló tó wúwo sí i. Tin náà ti gba oxygen inú afẹ́fẹ́ ìgò mọ́ra, afẹ́fẹ́ ìta wá dí àlàfo rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìṣó tó ń dípẹtà lórí òrùlé yín. Ìpẹtà wúwo ju irin tó bí i lọ, torí pé ó ti gba oxygen àti omi kún tirẹ̀.

Àwọn tó rọrùn kò ní gba àkókò wa. Òrí tó yọ́ nínú oòrùn ọjà tó sì dì padà lóru ọyẹ́, òrí ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Omi tó di yìnyín, omi ni. Èyí tó hó, tó sì ń kán lábẹ́ ọmọrí ìkòkò, omi náà ni, hydrogen méjì sí oxygen kan. Iyọ̀ tó yòrò nínú ọbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ahọ́n yín ni ẹlẹ́rìí. Ẹ gbé omi iyọ̀ kaná kó gbẹ, ẹ máa bá iyọ̀ yín nídìí ìkòkò. Àmọ́ ẹ gbé ṣúgà kaná láìbu omi sí i. Á kọ́kọ́ yọ́. Lẹ́yìn náà á pọ́n, á máa ta sánsán, á wá dúdú, á sì korò. Mólékù ṣúgà ní carbon 12, hydrogen 22 àti oxygen 11. Iná ti lé hydrogen àti oxygen jáde bí omi, ohun dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò yẹn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di èédú. Ẹ rẹ ẹ́ sómi títí, ṣúgà kò ní padà wá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń fún ọmọ ní òfin kan: ohun tó bá lè padà sí bó ṣe wà, ti ara ni, ohun tí kò bá lè padà, ti kẹ́míkà ni. Mi ò fara mọ́ òfin yìí rárá, torí pé ṣe ló ń ṣi ọmọ lọ́nà. Igbá tó fọ́ kò ṣeé mú padà, síbẹ̀ igbá ni gbogbo àfọ́kù rẹ̀. Àgbàdo tí wọ́n ti lọ̀ kò lè padà sára ṣúkù, ẹ̀rọ ọlọ́lọ̀ kò sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹ wá wo bátìrì inverter, irú èyí tó ní omi ásíìdì nínú. Bí ẹ bá ń lo iná rẹ̀, òjé inú rẹ̀ àti ásíìdì ń para pọ̀ di èròjà mìíràn tó ń jẹ́ lead sulphate. Bí iná ìjọba bá dé, tí bátìrì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba agbára, èròjà yẹn á tún padà di òjé àti ásíìdì. Okùn ń já, a sì ń tún un sín, lójoojúmọ́, nínú pálọ̀ yín.

Nínú gbogbo àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀, aró ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá aláró á já ewé ẹ̀lú, á gún un, á ṣù ú, á sá a gbẹ. Á sun igi di eérú, á kó eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀, á máa da omi sí i lórí, omi tó ń kán jáde nísàlẹ̀ á sì mú, á máa yọ̀ lọ́wọ́. Inú omi eérú yìí ló máa rẹ ẹ̀lú sí. Fún ọjọ́ mélòó kan ìkòkò náà á máa rùn, á máa yọ ìfófòó, torí pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń jẹun nínú rẹ̀. Mólékù tó ni àwọ̀ aró ń jẹ́ indigo, indigo kì í sì yòrò nínú omi. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, orí aṣọ ló máa jókòó sí, ìfọ̀ àkọ́kọ́ á sì gbá a lọ. Iṣẹ́ àwọn kòkòrò yẹn ni pé wọ́n ń fi hydrogen kún un. Bó bá ti gba hydrogen náà tán, nǹkan mìíràn ló dà: àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, á yòrò nínú omi eérú, á sì lè wọ inú òwú lọ.

Nígbà tí ìyá aláró bá fa aṣọ yọ, aṣọ náà kò tíì dúdú. Ó dà bí ewé tó ń pọ́n lọ. Ẹ dúró kí ẹ máa wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, oxygen inú afẹ́fẹ́ á gba hydrogen yẹn kúrò, indigo á padà di indigo, aṣọ á sì máa dúdú lójú yín kòrókòró. Kò lè yòrò mọ́, inú òwú ló sì wà, ó ti há síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rì í bọ aró, tí wọ́n ń fà á yọ, tí wọ́n ń nà án sí afẹ́fẹ́, tí wọ́n tún ń rì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé wọ́n ń sinmi ni wọ́n ṣe nà án síta. Ìdajì iṣẹ́ náà, afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é.

Lára aṣọ yẹn kan náà, ẹ tún máa rí iṣẹ́ tí kò ní kẹ́míkà nínú. Fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Fún àdìrẹ oníko, ìko ni wọ́n fi ń dì í. Ẹ̀kọ àti ìko kò sọ òwú di nǹkan mìíràn, wọ́n kàn dí aró lọ́nà ni. Bí wọ́n bá fọ ẹ̀kọ kúrò, tí wọ́n tú ìko, ojú aṣọ ibẹ̀ á wà bó ṣe wà. Ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí, ọ̀pọ̀ aláró ti fi ẹ̀lú sílẹ̀, aró alágolo ni wọ́n ń rà, tí wọ́n ń fi sódà àti hydrosulphite pò. Iṣẹ́ tí kòkòrò inú ìkòkò ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe, hydrosulphite ń ṣe é ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta indigo tí kò ti ara ewé wá, mólékù rẹ̀ àti ti ẹ̀lú sì jẹ́ ọ̀kan náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé aró ẹ̀lú nìkan ni aró gidi. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́ àti sùúrù, mo gbà fún wọn. Ní ti ohun tó há sínú òwú, indigo ni indigo.

Omi eérú yẹn náà ló ń ṣe ọṣẹ dúdú. Àdín kì í bá omi pọ̀. Ẹ lù ú títí, á tún léfòó. Bí ẹ bá sè é pọ̀ mọ́ omi eérú èèpo kòkó, ohun tó wà nínú eérú náà á já mólékù àdín, nǹkan méjì á sì ti ibẹ̀ jáde: ọṣẹ àti glycerine. Ohun tó ń sá fún omi tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó ń bá omi rìn, tó tún ń fa ọ̀rá mìíràn wọ inú omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń fi ọṣẹ náà fọ abọ́, ti ara ni. Ọ̀rá tó bá omi ìfọbọ́ lọ, ọ̀rá ni títí dé inú gọ́tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká dé orí sìmẹ́ǹtì, torí pé níbẹ̀ ni àìmọ ìyàtọ̀ yìí ti ń ná ènìyàn lówó. Ọ̀pọ̀ gbà pé ṣe ni kọnkéré ń gbẹ bí ògiri amọ̀ ṣe ń gbẹ, nítorí náà wọ́n máa ń fẹ́ kí oòrùn tètè pa á. Kọnkéré kì í le nípa gbígbẹ. Omi ló ń mu, omi náà sì ń di ara rẹ̀. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ irú amọ̀ kan, wọ́n á sì fi sínú ààrò gígùn kan tó ń yí láìdúró, tí ooru rẹ̀ ń tó nǹkan bí 1450°C. Nínú ààrò yẹn, òkúta náà á tú carbon dioxide sílẹ̀, calcium rẹ̀ á lọ darapọ̀ mọ́ silicon tó wà nínú amọ̀. Ohun tó bá jáde ni wọ́n tún ń lọ̀ pọ̀ mọ́ gypsum díẹ̀, òun ni wọ́n ń dì sínú àpò. Ìyẹ̀fun yẹn ń dúró de omi. Bí bíríkìlà bá ti pò ó, omi á wọ inú hóró rẹ̀, á so mọ́ ọn, àwọn ẹ̀ka tíntìntín á sì máa hù láti ara hóró kan dé èkejì, tí wọ́n á fi di yanrìn àti òkúta mú ṣinṣin. Ẹ gbé ọwọ́ lé kọnkéré tuntun tó nípọn dáadáa, ẹ máa rí i pé ó ń gbóná láti inú wá. Ó ń le nísàlẹ̀ omi pàápàá, níbi tí nǹkan kan kò ti lè gbẹ.

Ìdí nìyẹn tí bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń da omi sí búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kìn láàárọ̀ àti lálẹ́, tó sì ń fi àpò tútù bò ó. Bí oòrùn bá lé omi jáde kí iṣẹ́ inú rẹ̀ tó parí, àyípadà náà á dúró sójú kan, búlọ́ọ̀kù á sì máa rún bí ẹ bá fi èékánná ha á. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà sábà máa ń fún kọnkéré kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ wo bó ṣe lágbára tó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó omi lẹ ń fi ṣòfò, ẹ máa da omi yín lọ. Sìmẹ́ǹtì tó ti dì nínú àpò nítorí ọ̀rinrin ńkọ́? Àwọn kan máa ń fọ́ ọ, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sì tà á bí tuntun. Fífọ́ àti jíjọ̀, ti ara ni wọ́n. Ohun tó ti bá omi so pọ̀ kò ní torí bẹ́ẹ̀ padà di sìmẹ́ǹtì tí a lè fi kọ́lé.

Nínú ọtí, ojú ń tan ènìyàn jẹ ní ìdàkejì. Ẹmu tó ń kán sínú akèrègbè lórí ọ̀pẹ, dídùn ni, ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Kò sí iná nídìí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń rò ó, síbẹ̀ kó tó di ọ̀sán, ìwúkàrà inú rẹ̀ á ti máa sọ ṣúgà náà di ọtí àti carbon dioxide, òun ni ìfófòó tí ẹ ń rí lẹ́nu akèrègbè. Bó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, àwọn kòkòrò mìíràn á máa sọ ọtí náà di ásíìdì, ẹmu á kan. Gbogbo ìyẹn, ti kẹ́míkà ni. Ẹ wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe ògógóró. Iná ń jó, dúrọ́ọ̀mù ń hó, páìpù gba inú omi tútù kọjá. Ẹni tó bá rí i á rò pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ kẹ́míkà wà. Ohun tí gbogbo ètò yẹn ń ṣe kò ju ìyàsọ́tọ̀ lọ: ọtí ń hó ní 78°C, omi ń hó ní 100°C, nítorí náà ọtí ló ń pọ̀ jù nínú èéfín tó kọ́kọ́ ń jáde, páìpù tútù á sì sọ èéfín náà di olómi padà. Ọtí tó jáde lẹ́nu páìpù ti wà nínú ẹmu kí wọ́n tó dáná.

Ohun tí a kò fẹ́ náà lè gba ẹnu páìpù yẹn jáde. Ní 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, wọ́n ń kú, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé àjàkálẹ̀ àrùn tuntun ló wọ̀lú. Ìwádìí wá fi hàn pé methanol ló wà nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Methanol mọ́ gaara bí ọtí, ó ń hó ní nǹkan bí 65°C, kò sì sí bí a ṣe lè fi iná sè é títí kó di ohun rere. Èéfín rẹ̀ á kàn ṣáájú èéfín ọtí jáde ni. Inú ara ènìyàn ló ti ń yí padà. Ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di formic acid, ásíìdì yìí ló sì ń ba ojú jẹ́.

Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí tún fi hàn pé àyípadà kan lè ṣílẹ̀kùn fún èkejì. Nínú ẹ̀gẹ́, èròjà kan tó ń jẹ́ linamarin wà ní yàrá tirẹ̀, èròjà tó lè já a sì wà ní yàrá mìíràn. Bí ẹ bá ń rin ẹ̀gẹ́, ògiri yàrá ń wó, àwọn méjèèjì ń pàdé, wọ́n á sì tú hydrogen cyanide sílẹ̀, májèlé gidi. Májèlé yìí ń hó ní nǹkan bí 26°C péré, nítorí náà ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ó ń bá omi tí wọ́n ń fún jáde nínú àpò lọ, iná agbada sì ń lé ìyókù. Rírin fúnra rẹ̀, ti ara ni. Bí kò bá sí i, àyípadà kẹ́míkà tó ń gbà wá kò ní wáyé dáadáa. Ẹni tó bá gé ẹ̀gẹ́ kíkorò gbàǹgbà-gbàǹgbà, tó sì gbé e kaná lójú ẹsẹ̀, ooru á pa èròjà tó yẹ kó já linamarin, linamarin á sì kù sínú oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ gàrí tí wọ́n fi ìkánjú ṣe, tí kò sùn sínú àpò tó bó ṣe yẹ.

Àwọn ìwé máa ń ka àmì àyípadà kẹ́míkà sílẹ̀: àwọ̀, ìfófòó, ooru, òórùn. Wọ́n wúlò, àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀wà tí ẹ ń pò fún àkàrà ń wú, afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ yín lù sínú rẹ̀ ni; búrẹ́dì náà ń wú, carbon dioxide tí ìwúkàrà ń mú jáde ni. Irin inú iná alágbẹ̀dẹ ń pọ́n, ó ń tàn, bó bá tutù irin náà ló ṣì jẹ́. Lọ́fínńdà ń gba gbogbo yàrá kan, kò sì di nǹkan mìíràn. Ẹyin tí a sè ni wọ́n ń jiyàn lé lórí jù. Okùn gígùn tí wọ́n ká jọ ni protein inú ẹyin. Ooru ń tú u palẹ̀, àwọn okùn náà á wá lọ́ mọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lójú okùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdè tuntun wà láàárín okùn kan sí èkejì. Mo wà lẹ́yìn àwọn tó ń pè é ní ti kẹ́míkà, nítorí àwọn ìdè tuntun wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá sì sọ pé orí ààlà ni ẹyin wà, kò jẹ̀bi lójú mi.

Bí ẹ bá fẹ́ rí méjèèjì lójú kan, ẹ tan àbẹ́là. Michael Faraday, onísáyẹ́ǹsì ní London, fi àbẹ́là kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ lásìkò Kérésìmesì, ní 1848 àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní òpin 1860; ní 1861 ni wọ́n tẹ àwọn ẹ̀kọ́ náà ní ìwé. Àbẹ́là ń yọ́ nídìí iná, ó ń gun òwú, ó ń di èéfín, títí dé ibẹ̀ àbẹ́là ni. Ẹ̀rí rẹ̀ rèé: ẹ fẹ́ iná náà pa, kí ẹ yára mú ìṣáná tó ń jó lọ bá èéfín funfun tó ń gòkè. Iná á fò sọ̀ kalẹ̀ lójú èéfín náà wá bá òwú. Àbẹ́là ni èéfín yẹn, kò tíì jó. Inú iná ló ti ń pàdé oxygen, tó ń di omi àti carbon dioxide. Ẹ gbé síbí tútù, gbígbẹ, sókè iná náà díẹ̀, ẹ máa rí i tí ó ń yọ ìrì. Omi yẹn kò sí nínú àbẹ́là tí ẹ rà lọ́jà.

Bẹntiróòlù inú jẹnẹrétọ̀ ń ṣe ohun kan náà. Òórùn tí imú yín ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń rọ ọ́, ti ara ni: bẹntiróòlù tó kàn fò sínú afẹ́fẹ́ ni, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù, nítorí pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Bó bá ń jó tí afẹ́fẹ́ tó o, carbon kọ̀ọ̀kan á mú oxygen méjì, á di carbon dioxide. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó o, oxygen kan ṣoṣo ló máa kan àwọn kan nínú wọn, á di carbon monoxide. Èyí kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú, kò ní ọ̀kankan nínú àwọn àmì tí ìwé kà sílẹ̀. Bí ènìyàn bá fà á símú, á so mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní ibi tí oxygen yẹ kó jókòó sí, ó sì ń dì í mú ju bí oxygen ṣe ń dì í mú lọ. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sínú ilé ìdáná, bí fèrèsé bá tilẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ gbé e síta, ó kéré tán ní ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé yín àti ti wa. Bí orí bá sì ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ kó gbogbo ènìyàn síta ná, kí ẹ tó béèrè ohun tó fà á.